Ojú òpó oníṣẹ́ ọwọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí owó tó kúrò lápò

Ọ̀pọ̀ ilé tó ń dìde ní Masifa, ní Èjìgbò àti láwọn ìlú tó yí wọn ká ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ẹni tó ń kọ́ wọn kò sí nílé. Àbíjáàn ló wà. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni àwọn ọmọ agbègbè Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé owó sẹ́fà kì í ṣe ohun àjèjì lọ́jà Èjìgbò, tí èdè Faransé náà sì ń dún lẹ́nu ọmọdé àti àgbà níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà náà jìn. Ẹni tó bá ń gba orí ilẹ̀ bọ̀ láti Àbíjáàn yóò la Ghana, Togo àti Benin kọjá kó tó fojú kan Nàìjíríà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè máa wá wo bíríkìlà rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà kan, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà nílé ni wọ́n máa ń fowó ránṣẹ́ sí, òun ni yóò sì bá wọn wá oníṣẹ́. Ìyẹn náà kò ṣàì ní wàhálà tirẹ̀, nítorí pé owó páànù a máa di owó ìnáwó nígbà míì. Lónìí, púpọ̀ nínú wọn ló ń fi fóònù ọwọ́ wọn wá oníṣẹ́ fúnra wọn. Wọ́n á tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ń wá, bóyá kànga ẹ̀rọ ni o, iná sólà ni o, fèrèsé onígíláàsì ni o, wọ́n á sì bá ojú òpó kan pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní òun ló mọ iṣẹ́ náà jù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Owó tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àsansílẹ̀ kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè gbé èrè ọ̀pọ̀ oṣù lọ lápò ẹni tó ń tajà kéékèèké. Bákan náà, oníṣẹ́ olóòótọ́ tó wà ní Masifa, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó, lè máa pàdánù iṣẹ́ lójoojúmọ́ nítorí pé ojú òpó rẹ̀ jọ ti gbájú-ẹ̀ lójú ẹni tó wà lókè òkun. Ọ̀rọ̀ náà wá kan ẹni tó fẹ́ gbéṣẹ́ fúnni àti ẹni tó ń wá iṣẹ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú òpó rí. Kò sí bó ṣe lè yin ara rẹ̀ tó tí ìyìn náà yóò fi di ẹ̀rí. Èyí tó ṣeé gbà gbọ́ ni èyí tó fún oníbàárà ní ohun tó lè gbé jáde kúrò níbẹ̀, kó lọ wádìí rẹ̀ níbòmíràn, kó sì bá a bẹ́ẹ̀.

EWÀ KÌ Í ṢE Ẹ̀RÍ

Lọ́dún 2002, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tí B.J. Fogg ṣáájú wọn, ní kí àwọn èèyàn 2,684 wo oríṣiríṣi ojú òpó ní méjìméjì, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n rò pé ó ṣeé gbà gbọ́ jù, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Nínú àlàyé tí àwọn èèyàn náà kọ, ìdá 46.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló mẹ́nu ba bí ojú òpó náà ṣe rí lójú: àwọ̀ rẹ̀, àwòrán rẹ̀, bí wọ́n ṣe tò ó. Ìdá 8.8 péré ló mẹ́nu ba ẹni tó ni ín.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aṣọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò, wọn kì í wo ẹni tó wọ aṣọ. Lọ́dún tí wọ́n ṣe ìwádìí yẹn, owó àti ìmọ̀ ni èèyàn fi ń kọ́ ojú òpó tó lẹ́wà. Lónìí, ọmọdé tó ní fóònù lè ṣe é láàárín wákàtí kan, ẹ̀rọ AI sì lè bá a kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kó tún bá a ya àwòrán ilé tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ rí. Nítorí náà, ẹwà ojú òpó kò tún sọ ohunkóhun mọ́ nípa ọwọ́ tí yóò di tírówẹ́ẹ̀lì mú.

Èyí kò ní kí oníṣẹ́ máa fi ojú òpó rẹ̀ ṣe wúruwùru o. Àwọn olùwádìí Stanford kan náà gbé ìmọ̀ràn 10 jáde lọ́dún 2002 fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gba ojú òpó òun gbọ́. Lára rẹ̀ ni pé kó mú un rọrùn fún èèyàn láti wádìí ohun tó sọ, kó fi hàn pé iléeṣẹ́ gidi àti èèyàn gidi wà lẹ́yìn rẹ̀, kó jẹ́ kó rọrùn láti kàn sí i, kó sì yẹra fún àṣìṣe, títí kan àṣìṣe kékeré inú ọ̀rọ̀ kíkọ. Ẹwà wà nínú ìmọ̀ràn náà, àmọ́ kò ju ẹyọ kan lọ nínú mẹ́wàá.

ÀGÁDÁGODO KÌ Í ṢE ÌWÉ Ẹ̀RÍ OLÓÒÓTỌ́

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí àwòrán àgádágodo bá ti wà lókè, níbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì ojú òpó sí, a jẹ́ pé ẹni tó ni ín kì í ṣe olè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àgádágodo náà ń sọ kò ju pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ohun tí ẹ ń kọ ránṣẹ́ sí ojú òpó náà lójú ọ̀nà. Kò sọ irú ẹni tó wà lódìkejì. Iléeṣẹ́ PhishLabs rí i pé láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ojú òpó tí àwọn oníjìbìtì fi ń dọdẹ èèyàn ló ní àgádágodo. Nígbà tí Google rí i pé àmì náà ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, wọ́n yọ ọ́ kúrò lókè Chrome ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n sì fi àmì mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Bí ojú òpó kò bá ní ààbò yìí rárá, ẹ má kọ nọ́ńbà káàdì báńkì yín síbẹ̀. Bó bá sì ní in, ìwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

NỌ́ŃBÀ TÓ ṢEÉ YẸ̀ WÒ

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wá ni orúkọ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Àjọ Corporate Affairs Commission, CAC, ló ń forúkọ okòwò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lábẹ́ òfin CAMA tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2020. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BN jẹ́ ti orúkọ okòwò lásán, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RC sì jẹ́ ti kọ́ńpìnnì. Ẹnikẹ́ni ló lè wá orúkọ náà lórí ojú òpó CAC. Kì í ṣe kí nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ nìkan ló ṣe pàtàkì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti orúkọ tí oníṣẹ́ náà ń jẹ́, nítorí pé gbájú-ẹ̀ lè da nọ́ńbà ẹlẹ́ni kọ. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí ojú òpó bá ní kọ́ńpìnnì náà ti wà láti ọdún 1995, tí ìwé CAC ní 2023, ẹ béèrè ohun tó fà á.

Ìforúkọsílẹ̀ ní CAC kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá nínú iṣẹ́ o. Ohun tó ń fi hàn ni pé okòwò náà ní olówó tí wọ́n lè pè lẹ́jọ́. Ti ìmọ̀ iṣẹ́, ẹ̀rí tirẹ̀ yàtọ̀. Fún àwọn tó ń so wáyà iná sílé, NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń fún wọn níwèé ẹ̀rí. Fún àwọn iṣẹ́ mìíràn, ìwé ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ń ṣe wà, ti NABTEB sì wà.

Àwọn tó wà nílùú London yóò mọ bí irú ẹ̀rí yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2009 ni Gas Safe Register ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ CORGI níbẹ̀. Oníṣẹ́ gáàsì kọ̀ọ̀kan ní káàdì tó ní nọ́ńbà, onílé sì lè yẹ nọ́ńbà náà wò nínú ìwé orúkọ Gas Safe fúnra rẹ̀, kó sì rí irú iṣẹ́ gáàsì tí ẹni náà lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe. Kì í ṣe ojú òpó oníṣẹ́ ni wọ́n ti ń mọ òótọ́, ojú òpó ẹni tó fún un níwèé ni.

Kò sí irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ wa, àmọ́ a ní ohun tí òyìnbó kò ní. Oníṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀gá, ó sì ní ọjọ́ tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ẹ béèrè pé ta ni ọ̀gá rẹ̀, níbo ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá náà wà, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wo ló sì wà nílùú. Masifa àti Èjìgbò kì í ṣe Èkó. Bí èèyàn bá ní ibẹ̀ lòun ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́, tí ẹgbẹ́ àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ti yé ara.

ỌJỌ́ ORÍ OJÚ ÒPÓ

Orúkọ ojú òpó kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀. Fún èyí tó parí pẹ̀lú .ng, ẹgbẹ́ Nigeria Internet Registration Association, NiRA, ló ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ní ibi tí èèyàn ti lè tẹ orúkọ náà kó rí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Fún .com, ojú òpó àjọ ICANN ṣe é lò. Wọ́n lè fi orúkọ ẹni tó ni ín pamọ́, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀ sábà máa ń hàn.

Kí ojú òpó jẹ́ tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Oníṣẹ́ tó ti lo 20 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ojú òpó lóṣù tó kọjá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni kí ojú òpó tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn máa gbé ọ̀rọ̀ ìyìn kiri tó ní ọjọ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lára, bíi pé orí rẹ̀ gan-an ni àwọn oníbàárà ti kọ ọ́. Wayback Machine, tí Internet Archive ti Amẹ́ríkà ṣí fún gbogbo ayé lọ́dún 2001, tún máa ń tọ́jú àwòrán ojú òpó bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ lè fi mọ̀ bóyá ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní onísólà lónìí ń ta nǹkan mìíràn pátápátá lọ́dún tó kọjá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

ÀWÒRÁN IṢẸ́ ÀTI Ọ̀RỌ̀ ÌYÌN

Àwòrán ilé tó rẹwà ni ìdẹ tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ gbé àwòrán náà sínú Google Lens tàbí TinEye, yóò sì fi ibòmíràn tí àwòrán náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì hàn yín. Bí ẹ bá rí ilé kan náà lójú òpó iléeṣẹ́ ní Íńdíà tàbí Túrkì, ẹ ti mọ ibi tí wọ́n ti jí i. Bí kò bá sì sí níbòmíràn, ẹ wò ó bóyá wọ́n sọ ibi tí ilé náà wà. Àwòrán iṣẹ́ tí kò ní ìlú, tí kò ní àdúgbò, tí kò ní ọdún, àwòrán lásán ni.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìyìn. Ohun tí wọ́n kọ sójú òpó oníṣẹ́ fúnra rẹ̀, òun ló yàn án, ó sì lè jẹ́ òun ló kọ ọ́. Ìwà yìí pọ̀ débi pé àjọ FTC ní Amẹ́ríkà gbé òfin jáde tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2024 láti fòfin de ríra àti títa irọ́ ọ̀rọ̀ ìyìn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe tiwọn, òfin wọn sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ ìyìn tó wúlò jù ni èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu oníbàárà. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ náà pé kó so yín pọ̀ mọ́ ẹni méjì tó ti ṣiṣẹ́ fún, kí ẹ rán ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan lọ wo iṣẹ́ náà. Oníṣẹ́ gidi kì í bínú sí irú ìbéèrè yìí. Inú rẹ̀ a máa dùn láti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn.

ORÚKỌ TÓ WÀ LÓRÍ ÀKÁǸTÌ

Ìwádìí tó kẹ́yìn ló rọrùn jù, òun ni ọ̀pọ̀ sì máa ń sáré kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ fowó ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn ní Nàìjíríà, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì máa ń yọ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Ẹ dúró kà á. Ṣé orúkọ okòwò tó wà lójú òpó ni? Ṣé orúkọ ẹni tí ẹ ti ń bá sọ̀rọ̀ ni? Bó bá jẹ́ orúkọ ẹni kẹta, tí wọ́n ní àbúrò àwọn ni tàbí pé báńkì ń ṣàtúnṣe sí àkáǹtì àwọn, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń bá yín san owó náà láti Àbíjáàn, ẹ ní kó ka orúkọ náà sí yín létí kó tó san án.

Ẹ pín owó iṣẹ́ sí ìpele. Kí àsansílẹ̀ má ju owó ohun èlò ìpele àkọ́kọ́ lọ, kí ìyókù máa tẹ̀lé iṣẹ́ tí ẹni yín ti fojú rí. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì ya àwòrán ojú òpó náà àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ pamọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, òun ni ẹ̀rí tí ẹ ó gbé lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC bó bá jẹ́ jìbìtì, tàbí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò bá àdéhùn mu.

OHUN TÓ YẸ KÍ ONÍṢẸ́ MASIFA KỌ SÓJÚ ÒPÓ RẸ̀

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, gbogbo ohun tí a kà sókè yìí ni oníbàárà yín yóò fi wò yín. Ẹ gbé e síwájú rẹ̀ kó tó béèrè. Ẹ kọ orúkọ yín ní kíkún, kì í ṣe orúkọ okòwò nìkan. Ẹ kọ nọ́ńbà CAC yín. Ẹ sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù yín wà lọ́nà tí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Èjìgbò yóò fi lè béèrè ọ̀nà débẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́, bó bá fọwọ́ sí i. Ẹ ya àwòrán ara yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ya ilé kan náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ń lọ lọ́wọ́ àti nígbà tó parí, kí ẹ sì kọ ìlú àti ọdún sí i. Ẹ gba àṣẹ onílé kí ẹ tó gbé àwòrán ilé rẹ̀ síta.

Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ kì í ṣe pẹ̀lú. Púlọ́ńbà tó kọ ọ́ pé òun kì í gbẹ́ kànga, àmọ́ òun lè so omi rẹ̀ wọlé, ti jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé òun mọ ibi tí agbára òun mọ. Ẹni tó ní kò sí iṣẹ́ tí òun kì í ṣe ni wọ́n ń sá fún.

Ẹ má sì kọ́ gbogbo ilé yín sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Google ní ojú òpó ọ̀fẹ́ kan tí àwọn okòwò kéékèèké ń lò nínú Google Business Profile. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 ni Google pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ẹni tí kò sì ní ibòmíràn pàdánù àdírẹ́sì tó ti tẹ̀ sára ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá ní orúkọ ojú òpó tirẹ̀, tó ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, lè gbé e láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan lọ sí òmíràn láì sọ oníbàárà nù.

Ó yẹ kí a fi èyí kún un: oníṣẹ́ tí kò ní ojú òpó rárá kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló ń pè wọ́n, tí wọn kò tíì rí ìdí tí wọ́n fi ní láti lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi wọ́n: ta ni yín, ta ló mọ̀ yín, níbo ni iṣẹ́ yín wà? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ohun tí ẹlòmíràn lè jẹ́rìí sí, yálà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lójúkojú, òun ni kí ẹ gbé iṣẹ́ fún.